Jacob Grimm: Ẹni tí ó Tọpasẹ̀ Fáwẹ̀lì

Kò sí ẹni tí ó la ilé-ẹ̀kọ́ wa yìí kọjá ní ìgbà tiwa tí kò há àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì kan sórí bí ẹni ń há kátíkísìmù: sing, sang, sung, drink, drank, drunk, begin, began, begun. A mọ̀ wọ́n lórí, ṣùgbọ́n a kò mọ ìdí wọn. Wọ́n sọ fún wa pé àwọn ọ̀rọ̀ náà kò tẹ̀lé òfin, pé olóríkunkun ni wọ́n, a sì gbà bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin kan ti wà ní ilẹ̀ Jámánì, kí a tó bí àwọn baba ńlá ọ̀pọ̀ nínú wa, tí ó fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀ rárá: àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ní òfin, òfin wọn sì dàgbà ju òfin àwọn yòókù lọ. Orúkọ ọkùnrin náà ni Jacob Grimm.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn òǹkàwé ìwé àjọ̀dún yìí ni yóò mọ orúkọ Grimm nípa àlọ́. Òun àti àbúrò rẹ̀, Wilhelm, ni wọ́n kó àwọn àlọ́ ilẹ̀ Jámánì jọ, títí àwọn ọmọdé káàkiri ayé fi mọ Snow White àti Cinderella, àti Hansel pẹ̀lú Gretel. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí Jacob fi èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe ni iṣẹ́ lórí èdè, àti ní pàtàkì lórí bí fáwẹ̀lì ṣe ń pààrọ̀ ara wọn nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí ó jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. A yan ìtàn rẹ̀ fún àjọ̀dún yìí nítorí ohun mẹ́ta. Ó jẹ́ ọmọ tí kò ní baba tí ẹ̀kọ́ gbé ga. Ó jẹ́ olùkọ́ tí ó gbà kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ òun ju kí òun da ìbúra òun lọ. Ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan tí kò fi ojú rẹ̀ rí òpin rẹ̀, síbẹ̀ tí iṣẹ́ náà kò bàjẹ́.

Ìgbà Èwe Rẹ̀

A bí Jacob ní ọjọ́ 4, oṣù Kínní, ọdún 1785, ní ìlú Hanau, ní ilẹ̀ Hesse. Ní àkókò náà Jámánì kì í ṣe orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo. Ilẹ̀ kéékèèké púpọ̀ ni, olúkúlùkù pẹ̀lú aláṣẹ tirẹ̀. Wilhelm tẹ̀lé e sáyé ní ọdún 1786. Baba wọn jẹ́ amòfin àti òṣìṣẹ́ ìjọba. Baba baba wọn sì jẹ́ àlùfáà nínú Ìjọ Reformed, èyí tí ó ń tẹ̀lé ẹ̀kọ́ Calvin. Inú ẹ̀kọ́ ìjọ náà ni wọ́n ti tọ́ àwọn ọmọ náà dàgbà.

Ní ọdún 1791 ìdílé náà kó lọ sí ìlú Steinau, níbi tí baba ti di adájọ́ àti alákòóso àgbègbè. Ara tù wọ́n níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò pẹ́. Ní oṣù Kínní ọdún 1796, àìsàn ẹ̀dọ̀fóró mú baba lọ. Jacob ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún 11 ni. Ọmọ mẹ́fà ni ó kù sí opó lọ́wọ́, òun sì ni àkọ́bí. Wọ́n ní láti jáde kúrò nínú ilé ìjọba tí wọ́n ń gbé. Ẹ̀gbọ́n ìyá wọn obìnrin, tí ó ń ṣiṣẹ́ nínú ààfin ní ìlú Kassel, ni ó dìde fún wọn. Ní ọdún 1798 ó mú kí Jacob àti Wilhelm wá sí Kassel láti wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí ó wà níbẹ̀.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ náà tí Yorùbá kò ní í nílò àlàyé púpọ̀ lórí rẹ̀. Èdè Jámánì, gẹ́gẹ́ bí tiwa, ní ọ̀rọ̀ tí a fi ń bọ̀wọ̀ fún ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀ àti èyí tí a fi ń pe ẹni tí a kò kà sí. Ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ ń fi ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ pe àwọn ọmọ ìlú Kassel, ṣùgbọ́n ó ń fi ọ̀rọ̀ tí kò ní ọ̀wọ̀ pe Jacob, nítorí pé ará oko ni. Jacob kò gbàgbé. Nígbà tí ó dàgbà tí ó ń kọ ìtàn ara rẹ̀, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó yé e láti kékeré pé ọ̀rọ̀ kékeré kan ṣoṣo lè gbé ènìyàn ga tàbí kí ó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń ka ìtàn yìí, ẹ fi í sọ́kàn.

Ní ọdún 1802 ó wọ yunifásítì Marburg láti kọ́ ẹ̀kọ́ òfin gẹ́gẹ́ bí baba rẹ̀. Ìyọ̀ǹda àkànṣe ni wọ́n fi gbà á, nítorí ipò ìdílé rẹ̀ kò tó ti àwọn tí òfin yọ̀ǹda irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ fún. Owó ìrànwọ́ tí ìjọba ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò sì kàn án. Ọwọ́ àwọn ọmọ ọlọ́rọ̀ ni ó ń bọ́ sí. Jacob wá sọ lẹ́yìn náà pé àìní ti òun síwájú, ó sì pa òun mọ́ kúrò nínú fàájì. Ní Marburg ni ó ti pàdé ọ̀jọ̀gbọ́n kan tí ń jẹ́ Savigny, ẹni tí ó ń kọ́ni pé kò sí òfin tí ó yé ènìyàn bí kò bá tọ̀ ọ́ lọ sí ìpìlẹ̀ rẹ̀ nínú ìtàn. Savigny ní ilé ìkàwé tí ó kún fún ìwé àtijọ́, ó sì ṣí i sílẹ̀ fún ọmọ náà. Níbẹ̀ ni Jacob ti rí àwọn orin àtijọ́ èdè Jámánì, ọkàn rẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ wọn. Ohun tí Savigny ṣe sí òfin, Jacob yóò ṣe é sí ọ̀rọ̀.

Àlọ́ Nígbà Ogun

Ọdún tí ó tẹ̀lé e kò rọrùn. Ní 1806 àwọn ọmọ ogun Napoleon gba Kassel. Ní 1808 ìyá wọn kú, ẹrù ìdílé sì já lé Jacob, ọmọ ọdún 23, lórí. Ní ọdún kan náà ó rí iṣẹ́ olùtọ́jú ilé ìkàwé lọ́dọ̀ Jérôme, àbúrò Napoleon, tí wọ́n fi jọba lé wọn lórí. Iṣẹ́ náà kò gba àkókò púpọ̀, nítorí náà ó ráyè kàwé, ó sì ráyè gbọ́ àlọ́.

Àwọn arákùnrin méjèèjì rí i pé àwọn àlọ́ àtijọ́ ń kú lọ pẹ̀lú àwọn arúgbó tí ń pa wọ́n. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ wọn lẹ́nu àwọn ojúlùmọ̀, wọ́n sì ń kọ wọ́n sílẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó pàlọ́ fún wọn jù lọ ni Dorothea Viehmann, ìyàwó aránṣọ kan láti abúlé ẹ̀bá Kassel, tí ó máa ń gbé irè oko wá tà ní ìlú. Ìwé àlọ́ náà kọ́kọ́ jáde ní 1812, apá kejì sì tẹ̀lé e ní 1815. Bí ilẹ̀ wọn ti wà lábẹ́ àjèjì, wọ́n fẹ́ fi hàn pé ohun kan wà tí àjèjì kò lè kó lọ, ìyẹn ni ohùn ẹnu àwọn ènìyàn.

Gírámà àti Ìpààrọ̀ Fáwẹ̀lì

Ní ọdún 1819 Jacob tẹ apá kìn-ín-ní ìwé gírámà èdè Jámánì rẹ̀ jáde. Kì í ṣe irú gírámà tí ń pàṣẹ bí ó ṣe yẹ kí ènìyàn sọ̀rọ̀. Ó kó gbogbo èdè tí ó jẹ́ ìbátan Jámánì jọ, ti àtijọ́ àti ti ìsinsìnyí, Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú, ó sì tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ìwé náà gbayì. Ẹlòmíràn ì bá tẹ̀ síwájú sí apá kejì. Ṣùgbọ́n Jacob ti ka iṣẹ́ Rasmus Rask, ọmọ ilẹ̀ Dẹ́ńmákì, tí ó jáde ní 1818, ó sì rí i pé òun kò tíì tú ọ̀rọ̀ ìró dé ìdí. Ó wó ilé tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ palẹ̀, ó sì tún un kọ́ láti ìpìlẹ̀. Nígbà tí ìwé náà tún jáde ní 1822, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìwé mìíràn, ìró sì gba ọgọ́rọ̀ọ̀rún ojú-ewé nínú rẹ̀.

Inú ìwé ti 1822 yìí ni òfin tí a fi orúkọ rẹ̀ pè wà, èyí tí ó ní í ṣe pẹ̀lú kọ́ńsónáǹtì: pé níbi tí Látìn bá ti ní p, Gẹ̀ẹ́sì a máa ní f, bí pater ṣe bá father mu, níbi tí Látìn bá sì ti ní t, Gẹ̀ẹ́sì a máa ní th, bí tres ṣe bá three mu. Rask ti rí púpọ̀ nínú èyí ṣáájú, ṣùgbọ́n Jacob ni ó tò ó di òfin kan ṣoṣo. A kò ní í dúró lórí ìyẹn. Fáwẹ̀lì ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Irú ìyípadà fáwẹ̀lì méjì ni ó wà nínú èdè Jámánì àti àwọn ìbátan rẹ̀, àwọn ènìyàn sì ti máa ń dà wọ́n pọ̀. Jacob ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀ kedere. Ó pe èkínní ní Umlaut, ó sì pe èkejì ní Ablaut. Orúkọ méjèèjì ni àwọn onímọ̀ èdè ń lò títí di òní.

Umlaut ni ó rọrùn jù fún Yorùbá láti lóye. Gẹ̀ẹ́sì ní foot, feet, man, men, mouse, mice. Kí ni ó yí fáwẹ̀lì padà? Ní ìgbà láéláé, i kan wà ní ìparí ọ̀rọ̀ tí ó ń tọ́ka sí púpọ̀. I náà fa fáwẹ̀lì tí ó ṣáájú rẹ̀ sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Nígbà tí ó yá, i bọ́ dànù, ṣùgbọ́n ipa tí ó fi sílẹ̀ kò parẹ́. Àwa náà mọ irú rẹ̀, a sì ń pè é ní àrànmọ́. Ẹ wo ọ̀rọ̀ wa, oní. Bí ó bá pàdé ilé, a ní onílé. Ṣùgbọ́n bí ó bá pàdé owó, a ní olówó, bí ó bá pàdé aṣọ, aláṣọ, bí ó bá pàdé epo, elépo, ẹja, ẹlẹ́ja, ọjà, ọlọ́jà. Fáwẹ̀lì tí ó wà níwájú ń wo ojú fáwẹ̀lì ẹnìkejì rẹ̀, ó sì ń fara wé e. Ọgbọ́n kan náà ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èdè méjèèjì kò bá ara wọn tan.

Ablaut yàtọ̀. Nínú sing, sang, sung, kò sí fáwẹ̀lì kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí ó ń fa i di a tàbí u. Inú ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ ni ìyípadà ti ń wá. Jámánì ń sọ singen, sang, gesungen. Ó ń sọ trinken, trank, getrunken. Ètò kan náà ni ó wà nínú ẹgbẹ́ wọn gbogbo: i fún ìsinsìnyí, a fún ohun tí ó kọjá, u fún ohun tí a ti ṣe parí. Jacob fi hàn pé ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ wà tí ó pọ̀ díẹ̀, olúkúlùkù pẹ̀lú ètò fáwẹ̀lì tirẹ̀, àti pé gbogbo ọ̀rọ̀-ìṣe tí àwọn olùkọ́ ń pè ní aláìlófin ni ó ní ẹgbẹ́ tí ó ti wá. Ó yí orúkọ wọn padà pẹ̀lú. Ó pè wọ́n ní alágbára, nítorí pé wọ́n ń ti inú ara wọn fi àkókò hàn. Àwọn tí a kà sí ọmọlúàbí, tí wọ́n ń fi -ed kún ìdí, ni ó pè ní aláìlágbára, nítorí pé wọn kò lè dá dúró láìsí ìrànlọ́wọ́.

Níbo ni ó ti rí ẹ̀rí tí ó dájú jù? Nínú Bíbélì ni. Ní ọ̀rúndún kẹrin, bíṣọ́ọ̀bù kan tí ń jẹ́ Wulfila wà láàrin àwọn ará Goth. Àwọn baba ńlá rẹ̀ jẹ́ Kristẹni ará Kapadókíà tí àwọn Goth kó lẹ́rú. Ọmọ ẹrú yìí ni ó dá álífábẹ́ẹ̀tì fún èdè Goth, tí ó sì túmọ̀ Ìwé Mímọ́ sí i. Èdè náà ti kú, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú ìtumọ̀ náà kù. Ẹ̀dà tí ó lókìkí jù wà ní Uppsala ní ilẹ̀ Sweden, a fi yíǹkì fàdákà àti wúrà kọ ọ́ sórí awọ aláwọ̀ àlùkò. Nínú àwọn àkọsílẹ̀ gígùn ìdílé èdè Jámánì, ìtumọ̀ yìí ni ó dàgbà jù. Níbẹ̀ ni Jacob ti rí ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí dì tàbí so: bindan, band, bundum, bundans. I, a, u, u, ó mọ́ bí omi àfàyebá. Ohun tí ẹnu àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti gé kù di bind àti bound, bíṣọ́ọ̀bù àtijọ́ ti pa á mọ́ pátá. Wulfila kò mọ̀ pé òun ń ṣe iṣẹ́ fún onígírámà kankan. Ìhìnrere ni ó ń wàásù. Ẹni tí ó bá túmọ̀ Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run tọkàntọkàn sí èdè kan ti pa èdè náà mọ́ fún ẹgbẹ̀rún ọdún.

Ìpààrọ̀ fáwẹ̀lì náà kò sì mọ sí ilé Jámánì. Àwa tí a kọ́ Gíríìkì ti Májẹ̀mú Tuntun ní sẹ́mínárì ti bá a pàdé lójoojúmọ́. Legō ni mo wí. Logos ni ọ̀rọ̀, èyí tí Jòhánù fi bẹ̀rẹ̀ ìhìnrere rẹ̀. Speirō ni mo fúnrúgbìn. Sporos ni irúgbìn, bí ó ti wà nínú òwe afúnrúgbìn. E di o nígbà tí ìṣe di orúkọ. Gíríìkì, Látìn, Sanskrit ti ilẹ̀ Íńdíà àti Jámánì jẹ́ ẹbí kan, ìpààrọ̀ fáwẹ̀lì yìí sì jẹ́ ogún tí wọ́n jogún láti ọ̀dọ̀ ìyá wọn. Hébérù àti Lárúbáwá, tí wọ́n jẹ́ ẹbí mìíràn, ní àrà tiwọn: kọ́ńsónáǹtì a dúró bí òpó, fáwẹ̀lì a sì máa wọlé a máa jáde láàrin wọn. Dābār ni ọ̀rọ̀ ní Hébérù, dibbēr ni ó sọ̀rọ̀; kitāb ni ìwé kan ní Lárúbáwá, kutub sì ni ọ̀pọ̀ ìwé.

Jacob gbà pé ìpààrọ̀ náà ní ìtumọ̀ nínú ara rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, bí ẹni pé ẹ̀mí kan ń mí nínú fáwẹ̀lì. Àwọn tí ó tẹ̀lé e kò gbà bẹ́ẹ̀ mọ́. Wọ́n wá okùnfà rẹ̀ lọ sínú èdè tí ó ṣáájú gbogbo èdè wọ̀nyí. Ní ìparí ọdún 1878, ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 21 kan, Ferdinand de Saussure, tẹ ìwé jáde lórí ètò fáwẹ̀lì ti ìyá àtijọ́ náà, ìwé tí ó ṣí ojú ọ̀nà tuntun. Ṣùgbọ́n orí pẹpẹ tí Jacob kọ́ ni gbogbo wọn dúró sí.

Ìbúra ní Göttingen

Ní ọdún 1829 ipò olórí ilé ìkàwé ní Kassel ṣófo. Àwọn arákùnrin méjèèjì ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ni a fi jẹ. Nítorí náà, ní ọdún 1830, wọ́n kó lọ sí yunifásítì Göttingen ní ilẹ̀ Hanover. Jacob kò níyàwó; Wilhelm ti gbé Dorothea Wild níyàwó ní 1825, Jacob sì ń gbé pẹ̀lú wọn. Láti ìgbà èwe títí dé ọjọ́ ogbó, ilé kan ni àwọn méjèèjì ń gbé, àkókò kúkúrú díẹ̀ nìkan ni iṣẹ́ fi yà wọ́n.

Ní ọdún 1833 ilẹ̀ Hanover gba ìwé òfin ìpìlẹ̀, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n sì búra láti pa á mọ́. Títí di àkókò yìí ọba Ìlú Ọba náà ni ọba Hanover. Nígbà tí William IV kú ní 1837, Fìkítóríà gorí ìtẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, ṣùgbọ́n òfin Hanover kò gbà á láyè nítorí pé obìnrin ni. Ernst August, àbúrò baba rẹ̀, ni ó jọba níbẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, ọba tuntun yìí pa ìwé òfin ìpìlẹ̀ rẹ́, ó sì kéde pé òun ti tú gbogbo òṣìṣẹ́ sílẹ̀ kúrò nínú ìbúra wọn.

Ọ̀pọ̀ dákẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n méje kò dákẹ́. Ní ọjọ́ 18, oṣù Kọkànlá, ọdún 1837, wọ́n fọwọ́ sí ìwé pé ọba kò ní agbára láti tú wọn sílẹ̀ kúrò nínú ohun tí wọ́n ti búra. Jacob àti Wilhelm wà nínú wọn. Heinrich Ewald, ẹni tí àwọn ọ̀mọ̀wé Hébérù mọ̀ dáradára, wà níbẹ̀, àti Wilhelm Weber, onímọ̀ físíìsì tí a fi orúkọ rẹ̀ pe ìwọ̀n kan nínú ẹ̀kọ́ nípa mágínẹ́ẹ̀tì. Kí oṣù Kejìlá tó parí, a lé gbogbo àwọn méjèèje kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Jacob àti àwọn méjì mìíràn ni a pàṣẹ fún pé kí wọ́n jáde kúrò ní ilẹ̀ náà láàrin ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sìn wọ́n dé ẹnu ààlà.

Ọmọ ọdún 52 ni Jacob nígbà náà. Kò lówó nípamọ́, kò sì ní ibi tí yóò lọ ju ilé ẹbí ní Kassel. Kì í ṣe olóṣèlú. Ọkùnrin ilé ìkàwé ni. Ó kọ ìwé kékeré kan láti ṣàlàyé ìṣe rẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ ní Basel ní ọdún 1838. Ohun tí ó sọ níbẹ̀ kò díjú. Iwájú Ọlọ́run ni ènìyàn ti ń búra, nítorí náà kì í ṣe ọba ni yóò tú u. Àwọn ọ̀dọ́ tí ń jókòó níwájú olùkọ́ a máa wo ìwà rẹ̀. Bí olùkọ́ bá jẹ ìbúra rẹ̀ bí ẹni jẹ ẹ̀pà, kí ni yóò tún kù fún un láti kọ́ wọn? Àwọn ènìyàn káàkiri ilẹ̀ Jámánì dá owó jọ láti fi rọ́pò owó-oṣù àwọn méje náà.

Ìwé Atúmọ̀ Èdè

Nínú àìníṣẹ́ yìí ni iṣẹ́ tí ó tóbi jù bá wọn. Ní 1838 àwọn atẹ̀wé kan ní Leipzig bẹ àwọn arákùnrin méjèèjì kí wọ́n ṣe ìwé atúmọ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ Jámánì. Wọ́n gbà. Ní 1841, lábẹ́ ọba Prussia tuntun, wọ́n kó lọ sí Berlin, níbi tí wọ́n ti ráyè ṣiṣẹ́.

Ohun kan tún wà tí a kò gbọdọ̀ fò dá. Ní 1848 àwọn Jámánì yan ìgbìmọ̀ aṣòfin, wọ́n sì pàdé nínú ṣọ́ọ̀ṣì St. Paul ní Frankfurt. Jacob wà nínú wọn, ìjókòó àkànṣe ni a sì fún un, níwájú ibi tí àwọn asọ̀rọ̀ ti ń sọ̀rọ̀. Ó dábàá pé kí a kọ ọ́ sí iwájú àwọn ẹ̀tọ́ ìpìlẹ̀ pé ilẹ̀ Jámánì kò fàyè gba oko ẹrú, àti pé àjèjì èyíkéyìí tí ó jẹ́ ẹrú yóò di òmìnira bí ó bá ti fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ náà. Ìbò díẹ̀ ni àbá náà fi kùnà. Àwa tí a jẹ́ ọmọ ilẹ̀ tí a ti kó ènìyàn lọ kò lè ka èyí kí a má dúró díẹ̀.

A kò sọ pé aláìlábàwọ́n ni. Ìfẹ́ tí ó ní sí ìran rẹ̀ mú un sọ àsọdùn nígbà mìíràn, títí ó fi fẹ́ sọ apá kan àwọn ará Dẹ́ńmákì di Jámánì, èyí tí ó bí wọn nínú gidigidi. Ìfẹ́ èdè ẹni dára. Ṣùgbọ́n bí a bá fi í gba ilẹ̀ ẹlòmíràn, ó ti di ojúkòkòrò.

Ìdìpọ̀ kìn-ín-ní ìwé atúmọ̀ náà jáde ní 1854. Wilhelm mú lẹ́tà D. Jacob mú A, B, C àti E. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1859 Wilhelm kú. Jacob ń bá iṣẹ́ lọ ní òun nìkan, ó wọ inú F. Ní ọjọ́ 20, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1863, òun náà kú ní Berlin, ní ẹni ọdún 78. Ọ̀rọ̀ Frucht ni ó dé nígbà tí kálámù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìtumọ̀ Frucht ni èso. A sin ín sí ẹ̀gbẹ́ àbúrò rẹ̀.

Àwọn mìíràn gba iṣẹ́ náà, àwọn mìíràn tún gbà á lọ́wọ́ àwọn yẹn. Ogun àgbáyé méjì kọjá lórí rẹ̀. Nígbà tí Jámánì pín sí méjì, àwọn ọ̀mọ̀wé ìhà méjèèjì ṣì jọ ń ṣe é. Ní ọdún 1961, ọdún kan náà tí wọ́n mọ odi sí àárín Berlin, ìwé náà parí, ó sì di ìwé ńláńlá 32.

Ohun tí ó Kàn Wá

Ní ọdún 1822 tí gírámà Jacob tún jáde, ọkọ̀ ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ọmọdékùnrin kan láti Òṣogùn sílẹ̀ kúrò nínú ọkọ̀ akẹ́rú. Àjàyí ni orúkọ rẹ̀. Ní 1843, Samuel Ajayi Crowther tẹ àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde; ní 1852 gírámà rẹ̀ tún jáde pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìṣáájú láti ọwọ́ Bíṣọ́ọ̀bù Vidal ti Sierra Leone, ẹni tí ó tọ́ka sí bí fáwẹ̀lì Yorùbá ṣe ń bá ara wọn mu, èyí tí a ń pè ní àǹkóò fáwẹ̀lì lónìí. Lepsius, tí òun àti Jacob jọ wà ní ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé Berlin, ṣe álífábẹ́ẹ̀tì fún àwọn míṣọ́nnárì, èdè Yorùbá sì wà lára èyí tí ó kọ sínú rẹ̀. Bí Wulfila ti rí fún àwọn Goth, bẹ́ẹ̀ ni Crowther rí fún wa: ọmọ ìgbèkùn tí ó fi Ìwé Mímọ́ pa èdè mọ́.

Kí ni àwa ń ṣe sí ohun tí ó fi lé wa lọ́wọ́? A ń rí àwọn ọmọ tí ó gboyè jáde tí wọn kò lè fi àmì sórí orúkọ ara wọn. A ń rí ilé onígbàgbọ́ tí a kì í ti í ka Bíbélì Yorùbá mọ́. Àlọ́ ń kú lọ pẹ̀lú àwọn ìyá wa àgbà, kò sì sí ẹni tí ó jókòó tì wọ́n pẹ̀lú ìwé àti kálámù. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, kò pọn dandan kí ẹ di ọ̀jọ̀gbọ́n kí ẹ tó ṣe èyí. Ẹ bi ìyá àgbà yín léèrè ọ̀rọ̀ kan tí ẹ kò mọ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì rẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́, bí ọmọ bá béèrè ìdí, ẹ má sọ fún un pé ọ̀rọ̀ kan kò ní òfin kí ẹ tó wá òfin náà dé ìdí.

Ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́ wa tí ẹ wà nínú iṣẹ́ ìjọba, nínú ìjọ àti nínú òwò, ẹ ti búra rí, ní kóòtù, níwájú pẹpẹ, tàbí ní ọjọ́ ìgbéyàwó. Fáwẹ̀lì lè yí padà, kí ọ̀rọ̀ sì wà síbẹ̀. Kọ́ńsónáǹtì ni ó ń di ọ̀rọ̀ mú. Nínú ìgbésí-ayé ènìyàn, ìbúra ni ó ń ṣe iṣẹ́ òpó bẹ́ẹ̀. Bí ó bá wó, kò sí ohun tí yóò di ìyókù mú.

Àwọn tí ó dá ilé-ẹ̀kọ́ wa sílẹ̀ kò rí wa. Wọ́n gbin ohun tí wọ́n lè gbìn, wọ́n sì lọ. Kí Olúwa fún wa ní oore-ọ̀fẹ́ láti mú iṣẹ́ náà dé ibi tí agbára wa dé, kí Ó sì gbé àwọn tí yóò gbà á lọ́wọ́ wa dìde. Àmín.